Èékánná Ṣàngókúnlé

Mo ń fi téèpù wọn odi ìlú Ajágbè nígbà tí odi náà ní kí n rọra. Ó ní ibi tí mo fọwọ́ lé ti ń dun òun láti ìgbà ogun. Mo tọrọ àforíjì, mo sì ká téèpù mi. Ìtàn ogun ni mo kọ́ ní yunifásítì, n kì í bá ẹ̀rí jiyàn.

Baálẹ̀ ìlú jókòó sórí odi, ó ń bó ọsàn. Bàbá mi dúró nísàlẹ̀, ó fi ẹní tí wọn yóò fi sin ín há abíyá. Kò tíì kú. Ó kàn fẹ́ mọ ibi tí wọn yóò tẹ́ òun sí ni.

"Ọ̀mọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìwé," ni Baálẹ̀ wí. "Gbogbo ọmọ ogun tó kú sẹ́nu ibodè yìí ni wọ́n gé irun àti èékánná wọn wálé, a sì sin ín fún wọn. Ti Ṣàngókúnlé, baba ńlá yín, dà? Ẹni tí a kò rí èékánná rẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá, ó sì bá wọn lọ. Ìta odi ni a ń sin àwọn ọmọ rẹ̀ sí. Ẹ mú un wá kí oòrùn tó wọ̀, tàbí kí bàbá yín máa gbé ẹní rẹ̀ jáde."

"Má kánjú o, Àwẹ̀ró," ni bàbá mi wí. "Ẹsẹ̀ ló kàn ń ro mí."

Mo wọ inú ara odi náà lọ. Yàrá ìkàwé ni mo kọ́kọ́ bá níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹṣin ni àwọn pẹpẹ ìwé, wọ́n sì ń mí. Nígbà tí mo kọjá láàárín wọn, yàrá náà di pálọ̀ ìyá mi, pẹ̀lú kọ́tìnì aláwọ̀ ewé tí a ti dáná sun tipẹ́. Inú báàgì mi ni oòrùn wà. Mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń wọ̀, báàgì náà sì ń wúwo sí i.

Ẹnu ibodè wà ní ìpẹ̀kun pálọ̀. Ọkùnrin kan fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Irun rẹ̀ wọ́ nílẹ̀, èékánná rẹ̀ ti wọ inú igi ilẹ̀kùn bí gbòǹgbò. Ilà bàbá mi ló wà lójú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí i.

"Ọmọ ta ni ọ́, tí ojú rẹ fi dán báyìí?"

"Ọmọ yín ni, bàbá. Wọn kì í kọlà fún wa mọ́."

"Ẹ ń gbádùn."

Mo sọ ti ẹní bàbá mi fún un, mo sì sọ ohun tí Baálẹ̀ wí. Ó rẹ́rìn-ín títí erùpẹ̀ fi já lára rẹ̀. "Èmi ṣílẹ̀kùn? Ẹ̀yìn mi rèé. Kò sí ẹni tó wá gba iṣẹ́ ilẹ̀kùn yìí lọ́wọ́ mi." Ó fi àgbọ̀n júwe ìka rẹ̀ fún mi. "Gé e. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti gé èékánná rẹ̀ wálé, ó kú nìyẹn. Ta ni yóò di ilẹ̀kùn mú?"

Oòrùn ti dé ìdí báàgì. Mo mú sísọ́ọ̀sì jáde lábẹ́ rẹ̀, mo fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì gé e. Ó fi gèlè mi di irun àti èékánná ara rẹ̀, ó gbé e, ó ń lọ.

"Ohùn ìyá mi ni àwọn ọ̀tá tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn máa ń fi pè mí," ni ó wí, kò sì bojú wẹ̀yìn. "Má dá wọn lóhùn."

Láti ìdí ilẹ̀kùn ni mo ti rí i lójú fèrèsé pálọ̀, tó gbé ẹrù náà fún Baálẹ̀. Baálẹ̀ gbé ọsàn sílẹ̀, ó dìde dúró. Bàbá mi tẹ́ ẹní rẹ̀ sínú odi, ó dùbúlẹ̀, ó sì fi fìlà bojú. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Nígbà náà ni ẹnì kan kan ilẹ̀kùn láti ìta, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́.

"Àwẹ̀ró, ọmọ mi," ni ohùn bàbá mi wí lẹ́yìn igi náà. "Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta. Ṣí i díẹ̀. Ẹsẹ̀ ń ro mí."

Mo fẹ̀yìn tì í gbọn-in. Mo wo ọwọ́ mi. Èékánná mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú igi.