Ṣájà Tí Wàsílátù Gbé Lọ sí Bọ́ládé

Nígbà tó di ọjọ́ kẹtàdínlógún tí wọ́n sin màmá Wàsílátù, ó gbé ṣájà náà lọ sí Bọ́ládé l'Óṣòdì. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó kàn rí i lórí tábìlì láàárọ̀ Sátidé, bátìrì mẹ́rin ṣì wà nínú rẹ̀, ó bá kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì.

Aṣọ iléèwé ni Wàsílátù ń rán ní Okota. Yàrá kan ní Èjìgbò ni òun àti màmá jọ ń gbé látìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti lé màmá kúrò ní Ìsẹ́yìn. Dókítà ní kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ náà láràárọ̀, wọ́n sì ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń wé mọ́ apá. Bátìrì mẹ́rin tó ṣeé ṣájì ló ń lò. Ṣájà tiwọn ti gbó. Ọ̀gá tó kọ́ Wàsílátù níṣẹ́ ló fi ta á lọ́rẹ.

Nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí màmá kú, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú kó tó gbé nọ́ńbà jáde. Wàsílátù á ki bátìrì bọ ṣájà, iná pupa á tàn, síbẹ̀ tílẹ̀ bá mọ́, pàbó ni. Ó ní tóun bá rán aṣọ tó wà nílẹ̀ tán, òun á wá nǹkan ṣe sí i. Màmá ní kó má dààmú, ara òun le. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, màmá ṣubú níbi tí wọ́n ti ń ṣàlùwàlá. Kí wọ́n tó gbé wọn dé ọsibítù, ẹ̀mí ti bọ́.

Wàsílátù ò sunkún. Ó ń ṣàmín sí àdúrà àwọn tó wá kí i, nígbà tí wọ́n sì ṣàdúrà ọjọ́ kẹjọ tán, ó padà sídìí máṣíìnì.

Àyànníyì lorúkọ ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ní Bọ́ládé. Ó yọ bátìrì, ó ki ṣájà bọ iná, ó fi mítà kan àwọn irin inú rẹ̀, ó ní iná ń jáde. Ó fi sáńpépà ha ìpẹtà ara irin náà kúrò. Lẹ́yìn náà ló wọn bátìrì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mítà náà ò gbé nǹkan kan jáde lórí ẹ̀kẹta.

"Ṣájà yín ò bàjẹ́, àǹtí," ó ní. "Méjì-méjì ló ń ṣájì bátìrì. Èyí tó kú yìí ni ò jẹ́ kíná dé ara ìkejì rẹ̀."

Wàsílátù ní iná pupa ń tàn ṣá. Àyànníyì ní ìyẹn kàn ń sọ pé bátìrì wà nínú rẹ̀ ni, kò mọ̀ bóyá iná ń wọlé.

"Tí mo bá ti gbé e wá lóṣù tó kọjá ńkọ́?"

"Ohun kan náà ni mi ò bá ṣe. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ."

Wàsílátù mi orí. Ó dúró kí ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Kò dùn ún. Àyànníyì gbà á nímọ̀ràn pé kó má da tuntun pọ̀ mọ́ ògbólógbòó, ó bá ra mẹ́rin tuntun, ó sì gba ọjà Òṣòdì lọ sílé.

Nígbà tí bátìrì náà gbaná tán lálẹ́, ó kì í bọ ẹ̀rọ. Kò mọ ohun tó tún kù láti ṣe, ló bá wé e mọ́ apá ara rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nọ́ńbà òkè kọjá ọgọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó wà nítòsí ọgọ́fà. Ó tún un wọ̀n, ibi kan náà ló dúró sí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó lọ sí ibùdó ìlera kan n'Ísọlọ̀. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó bi í bóyá orí ń fọ́ ọ, ó ní rárá, nǹkan kan ò dun òun. Nọ́ọ̀sì ní bó ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn. Ó wá béèrè ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru rí nínú ẹbí wọn.

"Màmá mi."

"Ṣé wọ́n wà?"

"Wọ́n ti kú. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú káàdì. Wàsílátù gba oògùn, ó lo ọ̀kan níbẹ̀ pẹ̀lú omi inú ọ̀rá. Nígbà tó jáde, ẹnìkan ń din àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ó ra díẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó sì jẹ ẹ́ tán.