Nọ́ńbà Seini

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá mi sílẹ̀ nílé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n tún ọkàn mi ṣe, nọ́ọ̀sì bi mí pé báwo ni mo ṣe fẹ́ kí wọ́n máa kàn sí mi. Lẹ́tà ni, àbí fóònù? Lẹ́tà, mi ò lè kà á já. Fóònù, ìyàwó mi ti gbé e lọ sí Niu Silani, níbi tó ti ń ká èso. Mo bá fún un ní nọ́ńbà Seini, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Mi ò ronú.

Ní Tonga wa níbí, ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ, títí kan ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kì í wáyé láàárín ọkùnrin àti arábìnrin rẹ̀. Bí wọ́n bá ń fẹnu konu nínú tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kan nínú wa á dìde jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Seini dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Kò wọlé. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

"Kelepi, nọ́ọ̀sì pè. Wọ́n ní ṣé ara ẹ le?"

"Ó le, ẹ̀gbọ́n mi."

"Oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì yẹn ńkọ́? Kò yọ ẹ́ lẹ́nu?"

"Rárá."

Irọ́ ni. Ọjọ́ kejì rèé tí ìgbẹ́ mi ti dúdú bí ọ̀dà. Òyì ń kọ́ mi, mo di ilẹ̀kùn mú. Mò ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ó ti làágùn.

"Wọ́n tún béèrè nǹkan kan. Mi ò lè sọ ọ́."

"Ṣé ó burú ni?"

"Ìwọ náà, ìbéèrè ò tán lẹ́nu ẹ láti kékeré." Kò rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kó o má gbé tàárọ̀ yìí mì."

Oògùn náà ti wà lọ́wọ́ mi.

"Bẹ́ẹ̀ ni kí ni, ẹ̀gbọ́n mi?"

Ó pe nọ́ọ̀sì padà, ó gbé fóònù sórí àtẹ̀gùn, ó rìn lọ síbi ọgbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìsìn sókè, kó má baà gbọ́.

"Sà," ni nọ́ọ̀sì wí, "ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ yín? Àbí ó dúdú?"

"Ó dúdú."

"Ẹ má lo oògùn yẹn o. Ẹ jókòó. Ọkọ̀ wa ń bọ̀ báyìí."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Sà, lọ́jọ́ mìíràn, nọ́ńbà ta ni ká máa pè?"

Mo wo Seini. Ó ti dé ẹsẹ kẹta, ohùn rẹ̀ ti há.

"Ẹ máa pe Seini náà," ni mo wí. "Àmọ́ ẹ má bi í ní nǹkan kan. Ẹ ní kó gbé fóònù wá, kó máa kọrin lọ."