Ẹ Má Bá Wa Dí Àyè Náà

1.

…bọ́tìnì. Bọ́tìnì. Bọ́tìnì. Bọ́tìnì.

Ohun tí ẹ̀rọ akàwé, èyí tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà fún afọ́jú, ń sọ sétí Ortrun Vogelsang láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé nìyẹn. Lánàá, bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ: Fèsì. Tàn án kálẹ̀. Fi àwòrán sí i. Lónìí, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, bí ọmọ rẹpẹtẹ tí ẹnikẹ́ni kò sọ lórúkọ.

Ó gbé ife kọfí sílẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó lè mọ èyí tó ń ṣe kí ni.

2. ÌKÉDE LÁTI ỌWỌ́ HARTWIG, BAÁLÉ LAHNOHR

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti tún ilé wa ṣe. Ojú rẹ̀ ti ń dán. Ohun ayọ̀ kejì: láti òní lọ, àwòrán tí ẹ kò bá kọ àlàyé sí lábẹ́, ẹ̀rọ ni yóò bá yín kọ ọ́. Kò tún sí pé à ń yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹ kú oríire.

3.

Kí ẹni tí kò mọ ibẹ̀ má baà ṣìnà:

Lahnohr jẹ́ ilé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn afọ́jú ìlú Marburg ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aríran ni Hartwig, baálé rẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní baálé tirẹ̀ àti òfin tirẹ̀, ará ilé kan sì lè bá ará ilé mìíràn sọ̀rọ̀ láìtọrọ ààyè. Kò sí ọba tó jẹ lórí gbogbo wọn. Ẹni tí ilé kan kò bá tẹ́ lọ́rùn lè kó lọ sí òmíràn, àwọn tó ń tẹ̀ lé e yóò sì bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ tó ti kọ sẹ́yìn nìkan ni kò ní lè kó.

4.

Ọ̀nà ni iṣẹ́ Ortrun nínú ilé náà.

Kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló ń so ìpè tẹlifóònù pọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlú. Ní báyìí, ó máa ń mú ọ̀pá funfun rẹ̀ jáde láràárọ̀. Bí ọ̀pá bá kan ohun tí kò sí níbẹ̀ lánàá, á gbé fóònù sókè, á ya àwòrán, á fi í síta pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: Kí ló dí ọ̀nà mi? Á fi àyè àlàyé sílẹ̀ lófìfo.

Nínú àwọn ilé mìíràn, ní Bremen, ní Graz, ní Zürich, àwọn aríran kan wà tó jẹ́ pé àyè òfìfo ni wọ́n ń wá kiri. Bí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á kọ ohun tí ojú wọn rí sí i. Bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ta ayò ni àwọn ń ṣe èyí. Kí Ortrun tó mí kanlẹ̀, èsì á ti dé: àkàbà àwọn akunlé ni, ẹ gba ọwọ́ òsì. Á tàn án kálẹ̀, gbogbo afọ́jú ìlú á sì gba ọwọ́ òsì.

5. OHUN TÍ ORTRUN FI SÍTA, ỌJỌ́ ÌṢẸ́GUN

Àdúgbò Weidenhausen, iwájú ilé búrẹ́dì. Ọ̀pá mi kan okùn. Kí ló dí ọ̀nà mi?

[àwòrán]

Àlàyé (ẹ̀rọ ló kọ ọ́): Òpópónà àtijọ́ kan tó rẹwà nínú oòrùn, òdòdó wà lójú fèrèsé.

Èsì:

6.

Ó dúró títí. Kò sí ẹni tó dáhùn.

7.

Alwin Distelrath, afọ́jú ará Lahnohr, ti fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn ìdajì ìlú náà. Ọwọ́ yẹn ló fi ń jẹun. Nígbà tó gbọ́ nípa òpópónà tó rẹwà, ó rò pé ọ̀rọ̀ okùn ti tán. Ó jáde lọ ra búrẹ́dì.

Àwọn tó ń ṣe omi ẹ̀rọ ti gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Okùn tí wọ́n fi yí kòtò náà ká sì ti já sílẹ̀.

Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́.

Ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé òórùn òdòdó lòun ń wá tí òun fi bọ́ sínú kòtò. Nígbà tó tún un sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kòtò náà ti jìn sí i.

8. LÁTI ỌWỌ́ ROSWITHA, GRAZ

Ortrun, mo rí àwòrán yẹn. Mo rí i pé àlàyé ti wà lábẹ́ rẹ̀. Mo kọjá lọ sí èyí tí kò ní. Mi ò ka ohun tí wọ́n kọ, nítorí òfìfo ni mo máa ń wá. Mo tún padà lọ wò ó lónìí. Kòtò náà hàn gbangba.

9. ÌPÈ ẸLẸ́NI MẸ́TA

HARTWIG: Àǹtí, ó dùn mí. Ẹ gbà mí gbọ́.

ORTRUN: Mo gbà ọ́ gbọ́. Pa ẹ̀rọ yẹn.

HARTWIG: Ọ̀pọ̀ ló fẹ́ràn rẹ̀.

ORTRUN: Ta lo bi?



ALWIN: Àwọn òdòdó ló bi.

HARTWIG: Bàbá Alwin, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀fẹ́ ni mò ń ṣe é. Ìsàlẹ̀ ilé mi ni kọ̀ǹpútà tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró wà. Mo rò pé mò ń sọ ẹrù kalẹ̀ fún yín ni.

ORTRUN: Ẹrù wo? Mi ò mọ ohun tó wà níwájú mi, mo bèèrè. Ẹ̀rọ rẹ náà kò mọ̀. Kò bèèrè. Ó dáhùn. Àwọn tó mọ̀ wá kọjá lọ.

HARTWIG: Àtúnṣe yẹn ti wọlé. Mi ò lè dá a padà kí gbogbo ilé má wó. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, Àǹtí, kò sẹ́ni tó so yín mọ́lẹ̀.

ORTRUN: Òótọ́ lo sọ.

(Hartwig ní ibí yìí ni Ortrun ti pariwo. Alwin ní kò pariwo. Ohun tí a gbà sílẹ̀ fi hàn pé ìró àga tí wọ́n tì sẹ́yìn ni.)

10.

Kọ̀ǹpútà kékeré kan, bí agolo búrẹ́dì. Ortrun gbé e sí ilé ìdáná, sí àárín ìyẹ̀fun àti ṣúgà, kí ó lè fi kọ́ ilé tirẹ̀.

Kò ní ojú tó ń dán. Ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún un, ọ̀rọ̀ lásán ló sì fi ń fèsì. Ohun tí àwọn aríran ń sá fún yìí gan-an ló rọ Ortrun lọ́rùn jù, nítorí etí gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó ṣe é, ó bàjẹ́. Ó tún un ṣe, ó tún bàjẹ́. Alwin pè é, ó bi í bóyá ó fẹ́ fi ṣúgà sí i. Ortrun ní kí ó lọ sinmi ọwọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

11. ÒFIN ILÉ TUNTUN

Àtúnṣe kankan kò gbọdọ̀ wọlé kí àwọn ará ilé tó fi etí wò ó.

Àyè tí ẹnì kan bá fi sílẹ̀ lófìfo, òun ló ni ín.

Ẹni tó bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ bi wá.

12. LÁTI ỌWỌ́ ALWIN

(Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ èyí.) Ortrun, mi ò tíì lè bọ̀. Ilé àtijọ́ ni gbogbo èébú tí ìyàwó mi bú mi kó tó kú wà. Mo máa ń lọ kà wọ́n. Tí mo bá kó, ta ni yóò jókòó tì wọ́n?

Ortrun: Jókòó tì wọ́n. Ilé wa yóò máa bá ilé yẹn sọ̀rọ̀. Ọ̀nà kò ní dí láàárín wa.

13.

Òun náà ní ohun tí yóò fi sílẹ̀: gbogbo ọ̀nà tó ti yẹ̀ wò, gbogbo èsì láti Bremen àti Graz. Ẹ̀rọ bi í bóyá ó dá a lójú pé ó fẹ́ kó lọ.

14.

Ó tẹ̀ ẹ́.

15. ÌBÉÈRÈ LÁTI WỌLÉ

Orúkọ: Hartwig Lüdeking

Kí ló dé tí o fi fẹ́ bá wa gbé?

Mo pa ojú kọ̀ǹpútà mi. Mo fi etí nìkan wọ ilé tí mo tún ṣe. Mi ò rí ọ̀nà jáde.

16.

Ortrun gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.

Gbígbà wà lábẹ́ ìka rẹ̀. Kíkọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò tẹ èyíkéyìí. Ó kọ ìlà kan ránṣẹ́ sí i:

Hartwig, bọ́ sí òpópónà. Wá bá mi nídìí ẹ̀rọ agbénisókè tó ń gbé èèyàn lọ sí òkè ìlú. Èmi ni n óò ṣíwájú. O kò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan fún mi àfi tí mo bá bi ọ́.

Ó mú ọ̀pá. Ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn.