Àlà Oko Inú Kọ̀ǹpútà Kẹrìnlá

Kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlá ló wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó l'Ápòmù. Mẹ́tàlá ti gbọ́ràn, ọ̀kan kọ̀ jálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Kòfowórọlá, òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn, ti ṣèlérí fún Alhaja Humairah, ọ̀gá ọ́fíìsì, pé kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, gbogbo wọn á máa ṣiṣẹ́ bákan náà. Iṣẹ́ ọ̀hún kò le lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó ti to kọ̀ǹpútà kan gún régé, ó ṣe ẹ̀dà gbogbo inú rẹ̀, ó wá ń gba orí wáyà pín ẹ̀dà náà fún àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀dà bá wọ̀, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè pa rẹ́. Ìdí nìyí tó fi ń pariwo láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé kí kálukú kó iṣẹ́ rẹ̀ sínú fíláàṣì.

Èyí tó ń ṣagídí ni ti Bàbá Akínbíyì. Ẹ̀dà náà á dé ìdajì, á dúró, kọ̀ǹpútà á kú, á tún tan ara rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí a ò bá sọ̀rọ̀ rí. Kòfowórọlá pààrọ̀ wáyà. Ó pààrọ̀ ihò tó ki wáyà bọ̀ lára ògiri. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fẹ́ eruku ibẹ̀ dànù, ó sì sín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò sí èyí tó ràn án. Aago méjì ti fẹ́ẹ̀ lù kó tó rí i pé wọ́n ti pín inú kọ̀ǹpútà náà sí méjì láyé ìjelòó, iṣẹ́ Bàbá kún ìdajì kejì, ẹ̀dà kò sì ráyè nínú ìdajì kan. Àfi kó nu gbogbo rẹ̀ pátá.

Kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn kì í ṣe ohun tí a lè fi ṣeré. Ọdún mẹ́fà ni Bàbá Akínbíyì fi tẹ̀lé àwọn àgbà àgbẹ̀ wọ inú igbó, láti Àpòmù títí dé Ìkirè-Ilé, tó ń kọ ibi tí oko kálukú pin sí sílẹ̀: igi wo, odò wo, òkúta wo. Oko ọ̀ọ́dúnrún lé méjìlá, inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni gbogbo wọn sì wà. Púpọ̀ nínú àwọn tó ṣàlàyé fún un ti kú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé iṣẹ́ yín ti wà nínú fíláàṣì?"

"Ó ti wà ńbẹ̀ láti àná, ọmọ mi." Bàbá na fíláàṣì pupa kan sókè. "Àbí o rò pé mo ti darúgbó débi tí mi ò ní mọ ìyẹn ni?"

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Kòfowórọlá náà rẹ́rìn-ín. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó gba fíláàṣì náà, kó ṣí i wò. Ohun tó ṣe fún àwọn mẹ́tàlá yòókù nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ni òun àti wọn. Bàbá yìí ló kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì n'Íkirè, òun náà ló bá a sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ Alhaja kó tó rí iṣẹ́. Báwo ni yóò ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, bí ẹni ń wí pé irọ́ lẹ pa? Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ̀dà wọlé wẹ́rẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ẹnì kan tilẹ̀ já ọ̀rá dòdò Ìkirè pé kí wọ́n fi ṣàjọyọ̀. Bàbá jókòó, ó ki fíláàṣì rẹ̀ bọ̀ ọ́. Àmì kan ṣoṣo ló yọ: ÀLÀ OKO. Ó tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà ní òun kò rí ohun tó ń wá. Ó tún un tẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó rò pé òun kò kan ilẹ̀kùn dáadáa lẹ́ẹ̀kíní.

Kòfowórọlá tẹjú mọ́ ọn. Àmì tó wà lójú kọ̀ǹpútà ni Bàbá kó, èyí tí kò ju kó júwe ibi tí iṣẹ́ gan-an wà. Iṣẹ́ gan-an ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ ara òun nù.

Ọjọ́ méjì ló fi wá a. Àwòrán ìkómọ kan àti ààbọ̀ lẹ́tà kan ló rí fà yọ, kò rí àlà kankan. Ní ọjọ́ Ẹtì, Alhaja pe àwọn méjèèjì.

"Kòfowórọlá, ṣé o yẹ fíláàṣì náà wò?"

"Rárá, mà."

"Kí ló dé?"

Ó wojú Bàbá.

"Alhaja, ẹ má bá a wí," Bàbá Akínbíyì ní. Kò gbójú sókè. "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kó o. Ojú ló tì mí láti bi ọmọ tí mo kọ́ ní ábíídí."

Alhaja ò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Ó ní kí wọ́n lọ tún gbogbo rẹ̀ kọ, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ṣì wà láyé.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ọ̀kadà gbé wọn dé Ìkirè-Ilé, sí ilé Bàbá Abdulmumin, ọ̀kan lára àwọn àgbà àgbẹ̀ tí wọ́n rò pé ó ṣì wà láyé, torí pé àlà oko tirẹ̀ ló díjú jù. Àìṣát, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló jáde sí wọn. Ó kí wọn tayọ̀tayọ̀, ó gbé àga.

"Bàbá wa ti kú o, ó pé ogójì ọjọ́ ní Ọjọ́bọ̀," ó ní. "A tilẹ̀ ti fẹ́ wá bá yín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín ni àwọn ará oko kejì ti ń ká kòkó wa. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ mú àdá, mo ní rárá. Bàbá ní ká má bá ẹnikẹ́ni jà, pé ibi tí oko wa pin sí wà lọ́dọ̀ yín, ká ṣáà wá gba ìwé ẹ̀."

Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú Bàbá Akínbíyì. Kòfowórọlá kúnlẹ̀ síwájú obìnrin náà, ẹkún sì ti gbà á lọ́nà kó tó lè sọ fún un pé kò sí ìwé kankan mọ́.