Íńtálọ́ọ̀kì Ìyá Alameen

"Ó ti lé ní ọgọ́sàn-án," Nọ́ọ̀sì Motọ́lání wí bó ṣe ń tú okùn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru kúrò lápá Rùfáì. "Bàbá, ṣé ẹ ṣì ń rìn nírọ̀lẹ́?"

Ìsíátù, ìyàwó rẹ̀, ló yára gba ọ̀rọ̀ náà sọ. "Ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, nọ́ọ̀sì."

"Mi ò bèèrè oògùn, Mọ́mì. Ìrìn ni mo bèèrè."

"Níbo ni kí n ti rìn?" Rùfáì bi í. "Ṣé àárín àwọn tírélà ni, àbí orí íńtálọ́ọ̀kì tó gbóná bí agbada àkàrà?"

Ìsíátù wolẹ̀. Ó mọ ẹni tó fa íńtálọ́ọ̀kì náà wá.

Títí di èṣí, koríko ló wà lẹ́yìn ilé wọn n'Ísọlọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé-iṣẹ́ aṣọ tí Rùfáì ti fẹ̀yìn tì. Igi fúrúùtù mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti kírun Alásárì tán, àwọn àgbà á máa rìn yí pápá náà po. Rùfáì á ní Gàfárù, ọ̀rẹ́ òun, ń wọ́ ẹsẹ̀. Gàfárù á ní òun kàn ń dúró dè é ni. Tó bá rẹ̀ wọ́n, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi, ọ̀rọ̀ Ìsẹ́yìn, ìlú wọn, á bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọdé á máa ṣa fúrúùtù láàárín ẹsẹ̀ wọn. Ayé ìgbà yẹn dùn o! Oògùn ni wọ́n ń lò, wọn ò mọ̀.

Ìsíátù ní tirẹ̀, ìdọ̀tí ló rí. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré pé àgbàlá tí koríko bá hù, ọ̀lẹ ló ń gbébẹ̀. Òun sì ni olórí àwọn obìnrin àdúgbò. Ó lọ láti ojúlé dé ojúlé títí wọ́n fi gbà, wọ́n gé igi, wọ́n tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì. Lọ́jọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, wọ́n yìn ín títí orí rẹ̀ wú. Ooru ibẹ̀ lé gbogbo àgbà wọlé. Nígbà tí Rámádàn fi máa parí, àrùn rọpárọsẹ̀ ti gbé Gàfárù dè.

Lọ́jọ́ Àìkú, Ìsíátù dìde níbi ìpàdé àdúgbò. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká hú íńtálọ́ọ̀kì yẹn, ká gbin igi."

Alhaji Tàjùdéèn, alága wọn, rẹ́rìn-ín. "Ìyá Alameen, ṣebí ẹ̀yin lẹ fi ariwo gba ibẹ̀ lọ́wọ́ wa? Ojú ò tiẹ̀ tì yín?"

"Ó ń tì mí, Alhaji. Látọjọ́ tí Gàfárù ti dùbúlẹ̀ ló ti ń tì mí. Ṣùgbọ́n ojú títì kì í pa èèyàn. Mi ò fẹ́ di opó nítorí àgbàlá tó mọ́."

Alága ní àwọn á gbé e yẹ̀ wò. Ìsíátù ti bá wọn ṣèpàdé pẹ́. Ó mọ̀ pé àgbéyẹ̀wò wọn lè gba ọdún méjì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó mú irin kan, ó lóṣòó sí igun kan lẹ́yìn ilé. Ó hú ọ̀kan, ó hú èkejì. Òógùn bò ó, àwọn aládùúgbò ń yọjú lójú fèrèsé, ó ń hú u lọ. Iyẹ̀pẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ dúdú, ó sì tutù.

Ó gbọ́ ìró ọ̀pá lẹ́yìn rẹ̀. Rùfáì ló jáde wá. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ ọ̀tún, ó rọra ki ẹsẹ̀ bọ inú ihò náà, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Fẹ̀ ẹ́ sí i, Ìyá Alameen," ó ní. "Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló gbà."