Ẹ̀bọ̀lọ̀ Gba Erékùṣù

Tí Wúlẹ̀mọ̀tù bá gbé àpò ìgbẹ́ adìyẹ rù láti etí títì márosẹ̀ ní Ìbafò, àwọn èèyàn á ti gbóòórùn rẹ̀ kí wọ́n tó rí i. Òun náà mọ̀. Bí ẹnì kan bá fi ọwọ́ bo imú, yóò dúró kí onítọ̀hún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí òórùn náà lè ráyè wọ̀ ọ́ lára dáadáa.

"Di imú rẹ, ọmọ mi, dì í dáadáa. Ohun tí o ń di imú sí lónìí, òkèlè lo máa fi kó o lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Yóò wá bú sẹ́rìn-ín, àlàfo eyín iwájú rẹ̀ méjì tó ti yọ kúrò á hàn gbangba, yóò sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí omi.

Ọdún 2006 ni à ń wí yìí. Wúlẹ̀mọ̀tù ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ìwó ni wọ́n bí i sí. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ kápẹ́ńtà ló mú un wá sí Ìbafò, ibẹ̀ náà ló sì kú sí. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ Ọládayọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń gbé, nínú yàrá méjì, òun àti ọmọ àti ìyàwó ọmọ àti àwọn ọmọ-ọmọ. Wọn ò fìyà jẹ ẹ́ o. Ṣùgbọ́n ilé ọmọ ẹni, bó ti wù kó tutù tó, èèyàn á máa ronú kó tó só. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀ láyé, tí kò sẹ́ni tó ń bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀, ni ebè mẹ́rìnlá tó ń gbin ẹ̀fọ́ sí lórí erékùṣù.

Ilẹ̀ gbígbẹ kan ni erékùṣù yìí láàárín àbàtà odò Ògùn lẹ́yìn Ìbafò. Tẹ̀ẹ̀rùn tòjò ni omi yí i ká, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni wọ́n fi ń dé ibẹ̀. Ẹbí Bàbá Mùsáfírù ló ni ín, obìnrin mẹ́fà ló sì ń dáko níbẹ̀. Bàbá kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Òfin kan péré ló ní: koríko ẹni kò gbọdọ̀ wọ ebè ẹlòmíràn. Ẹni tí koríko rẹ̀ bá ràn dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò, kó gbé ọkọ́ rẹ̀ kó máa lọ sílé. Lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, Bàbá á wọ ọkọ̀ wá wo ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti lé obìnrin méjì lójú Wúlẹ̀mọ̀tù rí, òun náà sì wà lára àwọn tó sọ pé ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà níbẹ̀, kò rí ẹ̀bọ̀lọ̀ lórí ilẹ̀ náà rí. Àfi bí wọ́n ṣe wọ oṣù Kejì ọdún yẹn tí mẹ́ta hù ní ààlà òun àti Sùwéébátù, ìyá Fàrídà, ọmọ Ìfọ̀ tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Inú Wúlẹ̀mọ̀tù dùn. Ó ní Ọlọ́run rántí òun. Ó já a, ó fi ẹ̀gúsí sè é, ó jẹ ẹ́ títí tó fi tú ìró.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó ti tó ọgbọ̀n. Lọ́sẹ̀ kẹta, kò sẹ́ni tó lè kà á mọ́. Ẹ̀bọ̀lọ̀ wọ inú ṣọkọ̀, ó wọ inú tẹ̀tẹ̀, ó ga ju tẹ̀tẹ̀ lọ, ó ń wò ó nílẹ̀. Ewé rẹ̀ rí wángunwàngun bí eyín ayùn. Orí rẹ̀ pupa, á kọ́kọ́ dorí kodò bí ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọlé. Tó bá pẹ́ díẹ̀, á gbórí sókè, á la òwú funfun, afẹ́fẹ́ á sì gbé e lọ.

Wúlẹ̀mọ̀tù fà á tu, ó dà á sílẹ̀ kí oòrùn pa á. Nígbà tó padà dé lọ́jọ́ kejì, òkú ẹ̀bọ̀lọ̀ tó fi gbòǹgbò kọjú sọ́run yẹn ti la òwú, irúgbìn rẹ̀ sì ń fò lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Háà! Ó kú tán, ó tún ń bímọ!" ló pariwo. "Èmi tí mo ṣì ń mí rèé, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ṣíwọ́!"

Ó kó o jọ, ó finá sí i. Iná jó ààlà náà dúdú. Ọjọ́ kẹjọ, eérú kò ṣeé rí mọ́ fún ẹ̀bọ̀lọ̀ tuntun, tútù yọ̀yọ̀, bí ẹni pé wọ́n fi iná bọ́ ọ ni. Wúlẹ̀mọ̀tù fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó ti rí ọkùnrin alágbára láyé rẹ̀, ó ti rí sójà, ó ti rí katapílà tó ń wó ilé ní Mowe. Kò rí ohun tí wọ́n jó níná tó jí sanra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ rí. Ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, ó ní, "O tóbi lọ́ba. Ṣùgbọ́n má lé mi lórí ilẹ̀ mi."

Ọjọ́ Bàbá Mùsáfírù ń súnmọ́lé. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù náà sì tú u lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan nínú ọkọ̀, ó sọ fún Fàúsátù tó máa ń tukọ̀ wọn, kí gbogbo àwọn tó kù lè gbọ́:

"Ọ̀dọ̀ ìyá Fàrídà ni nǹkan yìí ti wá. Ẹ lọ wo ibi tó ti kọ́kọ́ hù. Ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ ni."

Òótọ́ sì ni, ẹ̀gbẹ́ Sùwéébátù ló ti kọ́kọ́ hù. Sùwéébátù, tó jókòó sí ìdí ọkọ̀, yíjú padà.

"Ẹ̀yin Ìyá Ọládayọ̀, ṣé láti Ìfọ̀ ni mo ti dì í wá nínú ìró? Ta ló ń jẹ ẹ̀bọ̀lọ̀ nínú èmi àtẹ̀yin? Èmi tí òórùn rẹ̀ ń lé lọ!"

"Ẹni tí kì í jẹ ẹ́ ni kì í tètè rí i kó tó gbó."

"Ẹ ṣeun o. Àgbà yín á yẹ yín."

Wọn ò kí ara wọn mọ́. Ọ̀rọ̀ náà rìn títí, ó dé etígbọ̀ọ́ Bàbá Mùsáfírù. Bàbá ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, pé kí ẹni tó ni ẹ̀bọ̀lọ̀ ti múra ilé sílẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, Ọmọlabí, ọmọ Wúlẹ̀mọ̀tù obìnrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Mowe, wá kí ìyá rẹ̀. Ó bá a tó ń ṣàròyé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Màámi, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ló ń bá jà o. Mo kà á nínú ìwé. Ewéko ilẹ̀ wa níbí ni, ṣùgbọ́n ó ti kọjá òkun. Àwọn erékùṣù kan wà lọ́nà ìlà-oòrùn lọ́hùn-ún, láàárín alagbalúgbú omi, ó ti gbalẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn koríko ajẹgàba tí wọ́n ń ṣọ́."

Wúlẹ̀mọ̀tù gbé àwo ẹ̀bà sílẹ̀. "Ẹ̀bọ̀lọ̀? Ẹ̀bọ̀lọ̀ tèmi yìí?"

"Òun náà ni."

"Ẹlẹ́dàá mi o! Bùọ̀dá rẹ tó lọ tò síwájú ẹ́ḿbásì láti òru, tó wọ kóòtù nínú oòrùn, wọn ò fún un ní físà. Ẹ̀bọ̀lọ̀ ò wọ kóòtù, kò bẹ ẹnikẹ́ni, ó ti dé ibi tí ojúmọ́ ti ń mọ́!" Ó pàtẹ́wọ́. Orí rẹ̀ wú bí ẹni pé ọmọ òun ló gboyè. "Báwo ló ṣe dé ibẹ̀?"

"Afẹ́fẹ́ ń gbé e. Àwọn èèyàn náà ń gbé e láìmọ̀, nínú ẹrù, lára aṣọ. Ní erékùṣù, Màámi, nǹkan kì í dédé hù. Ẹnì kan ló máa ń gbé e wọ̀lú."

"Ẹn-ẹ́n," ni Wúlẹ̀mọ̀tù wí. "Ìyá Fàrídà ni."

Nígbà tó di àárọ̀ Jímọ̀, ó lọ gbé àpò ìgbẹ́ adìyẹ létí títì bí ìṣe rẹ̀. Àwọn obìnrin yòókù máa ń fi aṣọ ká òṣùká. Wúlẹ̀mọ̀tù kì í fi aṣọ ká a, nítorí òórùn ìgbẹ́ adìyẹ kì í ṣí kúrò lára aṣọ, ìyàwó Ọládayọ̀ sì ti fajú ro sí i lórí ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ewéko etí ọ̀nà ló máa ń já, yóò ká a gbirigbiri, yóò gbé ẹrù lé e. Tó bá sọ ẹrù kalẹ̀ lórí erékùṣù, á ju òṣùká náà nù. Láti nǹkan bí ìparí ọdún tó kọjá ló ti rí ewéko rírọ̀ kan tó hù rẹ́kẹrẹ̀kẹ lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń kó ìgbẹ́ adìyẹ jọ sí, tí kì í gún àtàrí. Òórùn ìgbẹ́ adìyẹ ti bo òórùn tirẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì wò ó lẹ́ẹ̀mejì rí.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti já a. Ó sín. Nígbà tó wo ọwọ́ rẹ̀, òwú funfun ti bò ó títí dé ìgúnpá.

Wúlẹ̀mọ̀tù dúró bẹ́ẹ̀. Ó wo ọwọ́, ó wo ewéko. Ó rántí ibi tó máa ń ju òṣùká sí: ààlà, lápá ọ̀dọ̀ Sùwéébátù, torí kò fẹ́ kí ìdọ̀tí wà lójú ebè tirẹ̀.

Ẹ̀rín kọ́kọ́ wá láti ìsàlẹ̀ ikùn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí àpò ìgbẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, omi mìíràn sì fẹ́ máa bọ́ níbòmíràn tó fi ní láti pa itan pọ̀. "Oṣù mẹ́ta gbáko! Mo rù ú bí ọba! Mo rù ú kọjá omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tutù!"

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà kú. Tó bá pa ẹnu mọ́ lọ́la, Sùwéébátù ni yóò gbé ọkọ́ lọ sílé. Tó bá la ẹnu, ebè mẹ́rìnlá lọ nìyẹn, ó sì di yàrá méjì Ọládayọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá Mùsáfírù dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Wọ́n dojú bàsíà kan délẹ̀ fún un, ó jókòó. Àwọn obìnrin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúnlẹ̀ yí i ká. Sùwéébátù ti fi aṣọ di ọkọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Wúlẹ̀mọ̀tù," ni Bàbá wí, "ìwọ lo sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Tún un sọ níwájú mi."

Wúlẹ̀mọ̀tù gbórí sókè. Ó wo ọkọ́ tí wọ́n fi aṣọ dì yẹn.

"Bàbá, irọ́ ni mo pa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ pé irọ́ ni. Èmi ni mo gbé e wá. Òṣùká mi ni. Òun ni mo ń já létí títì, òun ni mò ń rù wá lójoojúmọ́, ẹ̀bá ebè ìyá Fàrídà ni mo sì ń jù ú sí."

Fàúsátù atukọ̀ ló kọ́kọ́ fi imú rẹ́rìn-ín, ó gbìyànjú láti gbé e mì, kò ṣeé gbé mì. Àwọn yòókù bú sí i. Bàbá Mùsáfírù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa tí o sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ náà wà níbẹ̀ nígbà tí mo lé àwọn méjì. Gbé ọkọ́ rẹ."

"Mo gbọ́, Bàbá." Ó dìde, ó gbé ọkọ́. Ó ti yíjú sí ọkọ̀ kó tó tún padà. "Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọn ó ṣe ṣe é fún wọn kí n tó lọ. Ìgbà tó bá ṣì dorí kodò ni kí ẹ fà á. Òwúrọ̀ ni, nígbà tí ìrì wà nílẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ò ní í já. Tó bá ti gbórí sókè, ẹ má dà á sílẹ̀, àpò ni kí ẹ dì í sí, torí ó lè bímọ lẹ́yìn ikú. Ẹ má finá sí i. Iná ni ọbẹ̀ rẹ̀. Ẹ má sì bínú sí i. Kò bá yín jà. Ó kàn ń yára ju yín lọ ni. Mo ti ń dáko láti kékeré, n kò rí ohun tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó o."

Ohùn rẹ̀ ń já gaara bí ẹni tó ń ki akọni. Sùwéébátù gbójú sókè.

"Bàbá, ẹ má bínú, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Tí wọ́n bá lọ, ta ló máa fà á? Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ń dorí kodò. Ẹni tó gbé àlejò wọlé, ẹ jẹ́ kó dúró ti àlejò rẹ̀."

Bàbá Mùsáfírù fi ọ̀pá fa ilẹ̀ lọ, fa ilẹ̀ bọ̀.

"Ebè mẹ́rin tó wà ní ààlà di ti Sùwéébátù láti òní lọ," ló wí nígbẹ̀yìn. "Wúlẹ̀mọ̀tù, mẹ́wàá ló kù fún ọ. Láràárọ̀, ebè àwọn márùn-ún yìí lo máa kọ́kọ́ fa ẹ̀bọ̀lọ̀ kúrò nínú rẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan tìrẹ. Tí mo bá rí òwú funfun kan ṣoṣo níbí nígbà tí mo bá padà wá, àlàyé ò sí mọ́."

Wúlẹ̀mọ̀tù dúpẹ́ títí Bàbá fi ní kó dìde. Kò dúró dọ̀la. Àwọn ebè mẹ́rin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ bí ìkòkò, ó ń fà, ó ń dì í sápò. Sùwéébátù dúró lé e lórí, ó ká apá mọ́yà bí onílẹ̀.

"Ìyá Ọládayọ̀, ẹ fo ọ̀kan."

"Níbo?"

"Lábẹ́ ìdí yín."

Wúlẹ̀mọ̀tù fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹyọ ẹ̀bọ̀lọ̀ kan, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ ilẹ̀. Bí àwọn méjèèjì ti ń wò ó, ewé kan kọ́kọ́ ṣí, igi rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í nà díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ fà á, Ìyá," ni Sùwéébátù wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ní sùúrù," ni Wúlẹ̀mọ̀tù dá a lóhùn. "Jẹ́ kó nàró tán."