Fèrèsé tí Wọ́n Ṣí fún Balbina

Gienia ò fẹ́ràn Balbina rí. Ta ni yóò fẹ́ràn abo aláǹtakùn onírun tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ awakùsà? Ṣùgbọ́n Zenon ọkọ rẹ̀, tó wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ ìlú Bytom títí irun orí rẹ̀ fi funfun, ní òun ò rí ẹ̀dá mìíràn tó mọ bí a ti ń dákẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ sílé ìwòsàn láti tún orúnkún rẹ̀ ṣe, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. "Gienia, bí nǹkan bá ṣe Balbina, má wulẹ̀ wá wò mí mọ́." Gienia búra fún un. Gienia kì í sì í búra lásán.

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù ń jẹ eegun, ó bá Balbina tó nà gbalaja sórí ẹ̀yìn nínú àpótí dígí rẹ̀, gbogbo ẹsẹ̀ sókè. Ó fi ṣíbí lu dígí. Kò mira. Ó ju ìrẹ̀ kan sí i kó jẹ. Ìrẹ̀ gba orí ikùn rẹ̀ kọjá bí ẹni ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Gienia sáré pe Pani Kazia, ìyẹn Ìyáàfin Kazia, opó tó ń gbé nísàlẹ̀ wọn, tí ẹnì kan kì í kú ládùúgbò kó má débẹ̀.

"Ó ti lọ," ni Pani Kazia wí. "Ẹ ò tíì ṣí fèrèsé?"

"Fún aláǹtakùn?"

"Àbí ẹ fẹ́ kí ẹ̀mí ẹ̀ máa rìn kiri lórí àjà yín? Pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́jọ?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Gienia lára. Wọ́n ṣí fèrèsé gbayawu, wọ́n faṣọ bo dígí ìwojú, wọ́n tan àbẹ́là. Pani Kazia ti mú páálí ṣokoléètì tó ṣófo wá fún pósí nígbà tí fóònù dún.

"Balbina ńkọ́?" Zenon ni.

"Ó ń sinmi."

"Báwo ló ṣe ń sinmi?"

Gienia wo Pani Kazia. Pani Kazia wo òkè àjà.

"Ó fẹ̀yìn lélẹ̀."

Zenon bú sẹ́rìn-ín. "Ó ń bọ́ awọ ni, obìnrin yìí. Má fọwọ́ kàn án, ara ẹ̀ rọ̀ bíi tọmọ tuntun báyìí. Ooru ló ń fẹ́." Ẹ̀rín náà kú lójijì. "Gienia. Má sọ pé o ti ṣí fèrèsé. Nígbà tí ìyá mi dákú, o ti ṣí i kí dókítà tó dé."

"Atẹ́gùn yẹn náà ló sì jí wọn."

"Ṣé kò sí ìrẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀?"

"Ọ̀kan péré."

"Yọ ọ́. Ìrẹ̀ yẹn yóò jẹ Balbina láàyè."

Wọ́n ti fèrèsé gbàm. Gienia, tí kì í fẹ́ nu àpótí yẹn pàápàá, ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó sì mú ìrẹ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ onírun níbẹ̀. Ó fi ìbora oníyẹ́ tirẹ̀ wé àpótí, ó gbé ìgò omi gbígbóná tì í. Òun àti Pani Kazia jókòó tì í, wọ́n ń mu tíì.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, awọ là. Balbina ń fa ẹsẹ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tó fún.

"Rọra, ọmọ mi," ni Gienia ń wí. "Fà á díẹ̀ sí i."

"Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ pè é?"

"Ẹ mu tíì yín, Pani Kazia."

Zenon tún pè. Ó ní kí wọ́n gbé fóònù sún mọ́ Balbina kóun kí i.

"Kò lè dá ẹ lóhùn báyìí," ni Gienia wí. "Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ọkùnrin ò mọ bí irú iṣẹ́ yìí ṣe ń rí lára obìnrin. Jẹ́ kó sùn."